Oríkì Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlobù níbí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹgbẹ́ òǹkàwé kan wà ní ilé ìkàwé tí à ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Tíṣà obìnrin kan, ọmọ Ìfọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, ló dá a sílẹ̀. Ìwé tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ nìkan ló ń kó fún wa. A ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú á ka ojú ewé kan sókè, ìwé á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi fóònù kàwé ò lè mọ bó ṣe dùn tó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù sọ nípa ìyá kan tí wọ́n ta ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kà á débẹ̀, gbogbo wa la sunkún. Ọmọkùnrin kan láti agbo ilé wa, tí mò ń pè ní bùrọ̀dá, ló sunkún jù. Ẹ̀wù ló fi ń nu imú. Ẹkún ẹni tó wà lókèèrè kì í kúkú ṣòro sun.

Lọ́jọ́ yẹn, tíṣà ní ohun tó dun òun jù ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ò mọ oríkì wọn mọ́. Ó ní kí kálukú wa dìde, kó ki ilé rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù lókè òkun ni o. Ó gbàgbé pé nílẹ̀ wa, a kì í tú ìdí ilé wò ní gbangba. Èmi tiẹ̀ yára dìde ni. Ìyá mi, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, máa ń fi oríkì ilé wa ki mi láràárọ̀ bó bá ń wẹ̀ mí, mo sì mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀. Mi ò tíì kì í dé ìdajì tí bùrọ̀dá fi pariwo:

"Tíṣà, ẹ ní kó má gbé oríkì olóríkì sẹ́nu mọ́! Ẹrú ni bàbá ńlá ẹ̀. Àwọn bàbá tiwa ló rà á."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń sunkún ẹrú Amẹ́ríkà ló ń fi mí rẹ́rìn-ín, omijé ò tíì gbẹ lójú wọn. Tíṣà wolẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó pe ẹlòmíì.

Mo sáré relé. Ìyá mi ò sọ pé irọ́ ni, "Ta ló sọ fún ẹ?" ló bi mí. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú baálé ilé pé kí wọ́n bá ọmọ náà wí. Baálé ní, "Ṣé irọ́ ló pa ni?" Bàbá mi wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Òun tó bá wọn roko, tó bá wọn kọ́lé! Àwọn àgbà ní ẹrú ṣọmọ rí nílé baba rẹ̀, àmọ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mi ò padà sí ẹgbẹ́ yẹn mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì wá mi wá. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ìyá inú ìwé yẹn padà rí ọmọ rẹ̀. Ó ń dùn mí.

Bùrọ̀dá ti darúgbó báyìí, òun ni olórí ẹbí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Òṣogbo ti tún dá irú ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, ìwé àwọn dúdú Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ń kà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin méjì nínú wọn wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n inú wọn ní:

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ kí wọ́n ki bàbá àgbà wa lọ́jọ́ tí a bá ṣí ẹgbẹ́ wa. A wá oríkì ilé wa lórí fóònù, a ò rí i. Àwọn ìyàwó ilé tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, ó ku ẹ̀yin nìkan."

"Ṣé bàbá yín ló rán yín?"

"Àwọn ni, mà. Wọ́n ní ká bẹ̀ yín."

"Ẹ lọ sọ fún un pé èmi kì í gbé oríkì olóríkì sẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn, wọ́n ń wo ara wọn. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ta ni ọmọ ẹrú, ta ni ọmọ onílé. Wọn ò sì mọ oríkì tí wọ́n torí ẹ̀ dójú tì mí. Ti àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú. Ti ìkejì, ẹ jẹ́ kó dun àwọn náà. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí mi, gbólóhùn kan ò sọnù. Láràárọ̀ bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń fi ki ara mi. Màá kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.