Ẹyin Ẹja ní Pálọ̀ Olúṣẹ̀yẹ

Bí ẹ bá dé Òdòde ní Ìdànrè tí fìríìjì yín kọ̀ tí kò tutù mọ́, Olúṣẹ̀yẹ ni wọn yóò júwe fún yín. Kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́. Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá òun àtìyàwó rẹ̀ kọjú sí tèmi, iwájú ìta ni mo sì ti ń ta ògì, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ojú mi kì í tó. Gíláàsì fìríìjì àwọn ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ó gbé e sí pálọ̀ wọn, ó bu omi sí i, ó wá lọ ra ẹja àrọ̀ kéékèèké onírunmú wá láti Àkúrẹ́. Wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo bi í pé kí ni ànfààní ẹja tí a ò lè sè. Ó ní wíwò ni. Mo ní ó dáa, kó máa wò ó.

Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó gbé e dé ọjọ́ ìbí, ọmọ ò ké. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ọwọ́ èmi ni wọ́n gbé ìkejì lé, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ìyá Olúṣẹ̀yẹ kó ẹrù rẹ̀ wá láti abúlé rẹ̀ ní Atosin, ó wá jókòó tì í. Aládùúrà paraku ni màmá náà. Ó mú ọ̀rọ̀ wá láti ẹnu wòlíì obìnrin tó ríran sí wọn: kí ohunkóhun má ṣe bímọ nínú ilé yìí ṣáájú Fúnmilọ́lá.

Mùsùlùmí ni mí, ìran wọn ò kàn mí, àmọ́ ó kan ewúrẹ́ mi. Ewúrẹ́ mi tó lóyún di èrò Atosin. Adìẹ tó ń sàba tẹ̀lé e. Ológbò tó ń bá mi lé eku, tí ikùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, wọ́n ká òun náà sínú àpò, ó gun ọ̀kadà lọ. Inú bí mi débi pé n ò kí màmá fún ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo ikùn Fúnmilọ́lá, mo máa ń pa ẹnu mi dé. Kò sí ẹni tó rántí ẹja. Ta ló ń ka ẹja mọ́ ẹran ilé?

Kànga wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà náà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, Olúṣẹ̀yẹ sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páànù, ó da omi tútù náà sí gíláàsì ẹja rẹ̀ tó ti ń rùn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló kan ilẹ̀kùn mi.

"Ìyá Hàfsátù, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

Ẹyin ti lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì káàkiri, wẹ́wẹ́ bí èso ata. Ọ̀rọ̀ wòlíì sọ sí mi lọ́kàn.

"Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní wọn kì í yé nínú gíláàsì," ni Olúṣẹ̀yẹ wí. "Omi òjò yẹn ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú."

Màmá ti lọ sí àdúrà àárọ̀, Fúnmilọ́lá ṣì ń sùn. Mo ní, "Kí ló wá le níbẹ̀? Ha wọ́n dànù kí màmá tó dé."

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. "Kí n fi ọwọ́ ara mi da ọmọ nù, nínú oṣù tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ? Tí Òun náà bá wá gba tiwa ńkọ́?"

Ó ní kí n bá òun gbé wọn sí yàrá mi. Mo ní, "Ṣẹ̀yẹ, òrùlé kan náà ló bò wá."

Bí a ti ń jiyàn, àwọn ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin ara wọn. Olúṣẹ̀yẹ fa káàdì ìdìbò rẹ̀ yọ, ó ń fi etí káàdì náà họ ẹyin kúrò lára gíláàsì, èmi ń gbé abọ́ tẹ̀lé e. Ó ní Atosin lòun ń gbé wọn lọ. Omi rin àwa méjèèjì.

Màmá kì í wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà a ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn wa la kàn ti gbọ́ ohùn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ó wo gíláàsì, ó wo abọ́. Agogo àdúrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Olúṣẹ̀yẹ, o ti pa mí! Dà á nù! Dà á nù kí Fúnmilọ́lá tó jí!"

"Màmá, mò ń gbé e lọ sí Atosin."

"Wọ́n ti yé e sílé yìí ná! Dà á nù, kó dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀!"

Ó gbá abọ́ mú. Ọmọ ò jọ̀wọ́, ìyá ò jọ̀wọ́, èmi sì di aṣọ funfun màmá mú láti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ la wà tí a fi rí Fúnmilọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí.

"Ẹ gbé e wá kí n wò ó," ló wí.

Ó rọra rìn wá, ó gba abọ́ lọ́wọ́ wọn. N ò lè wo ojú rẹ̀, ikùn rẹ̀ ni mò ń wò.

"Ẹ ti lé gbogbo ìyá kúrò nílé yìí," ló wí. "Ewúrẹ́ lọ, adìẹ lọ, ológbò lọ, ó wá ku èmi nìkan. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó máa wo ikùn mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Àwọn ọmọ mi méjèèjì, inú mi ni wọ́n kú sí. Kò sóhun tó bímọ ṣáájú wọn. N ò tíì rí ọmọ ohunkóhun kó yè lójú mi níbí. Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀kan."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, èmi náà sunkún.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Fúnmilọ́lá ni abọ́ náà wà. Àràárọ̀ ló ń fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan yọ àwọn tó ti funfun, tó ti bàjẹ́. Wọ́n pọ̀, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí. Màmá ò wọ yàrá náà mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbàdúrà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Fúnmilọ́lá pè mí. Àwọn nǹkan tín-tìn-tín ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nísàlẹ̀ abọ́, wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń mira. Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì rín in tán tó fi di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

Ìrọbí ti dé, oṣù rẹ̀ ò sì tíì pé. Màmá wo abọ́, ó wò mí. Gbogbo ohun tó lè sọ ló wà lójú rẹ̀, kò sì sọ ọ̀kankan, mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀. Ó gbé ẹrù Fúnmilọ́lá, ó ṣíwájú wa lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ní kí a dúró síta. Màmá kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ jókòó ti ògiri, ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì, nítorí ìdákẹ́rọ́rọ́ tó gbọ́ níjọ́ kìíní àti níjọ́ kejì, kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. A wà níbẹ̀ títí tí oòrùn fi kúrò lára ògiri.

Ìgbà náà ni igbe ta. Mo gbá Olúṣẹ̀yẹ léjìká.

"Ó ké?" ló bi mí, ó ń pariwo bí adití.

"Ó ké."

"Ṣé ó ṣì ń ké?"

Mo ní, "Yọ ìka rẹ létí kí o gbọ́ fúnra rẹ."

Kò yọ ọ́. Ó tún bi mí.