Téèpù Ìdí Bàtà Mi

Títí dòní, tí mo bá ti gbóòórùn páálí tuntun, ilé wa ní Al Qasimia, ní Sharjah, ni ọkàn mi ń lọ. Bàbá mi ló ń bá àwọn oníṣòwò tó ń rajà ní ọjà Naif, ní Dubai, di ẹrù tó ń lọ sí Èkó. Èyí tí wọn ò bá rí dì tán ní ṣọ́ọ̀bù, pálọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹlòmíràn ń gbọ́ kíkọ àkùkọ láàárọ̀. Ìró téèpù bàbá mi, "kràà, kràà," ló ń jí èmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, téèpù lẹ̀ mọ́ ìdí bàtà mi láìmọ̀, ó sì wọ́ àjákù páálí tẹ̀ lé mi dé kíláàsì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. "Kágò! Kágò ti dé!" Ojú tì mí gan-an. Mo pinnu pé àfi kí bàbá mi yéé di ẹrù nílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò lọ sílé ìwé mọ́.

Tíṣà wa, ọmọ North Carolina ní Amẹ́ríkà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o mọ̀ pé Tar Heel, Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀dà, ni wọ́n ń pè wá?" Tíṣà ní láyé àtijọ́, àwọn tálákà àti ẹrú ibẹ̀ ló ń sun igi páìnì láti fi ṣe ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń kùn sídìí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀dà a lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn kan tiẹ̀ sọ pé nígbà tí ogun dé, àwọn ọmọ ogun yòókù sá, ti North Carolina dúró gbọnin bí ẹni tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí èébú ṣe di ohun ìwúrí nìyẹn. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi gìgísẹ̀ hàn mí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ nílé. Màmá mi pàtẹ́wọ́ pà. "Àdùkẹ́, wọ́n ń kì ẹ́ lóríkì, ò ń sunkún! Orúkọ tó wu ni là á jẹ́ lẹ́yìn odi. Khalas, ó parí!" Bàbá mi kàn rọra ń kó páálí kúrò ní pálọ̀. Àánú wọn ṣe mí.

Ilẹ̀ mọ́, n ò gbọ́ kràà. Mo bá mú téèpù fúnra mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí bàtà mi méjèèjì. "Dádì, ẹ wò ó!" Ẹ̀rín wọn gba ilé kan. Mo wọ kíláàsì, mo kígbe, "Kágò ti dé!" Kí a tó parí bíréèkì, àwọn ọmọ ti ń tọrọ téèpù lọ́wọ́ mi.

Báńkì ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Dubai báyìí, bàtà mi sì ń ró kò-kò-kò. Tí mo bá ráyè, mo máa ń lọ bá bàbá mi di ẹrù ní Naif. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe fẹ́ wọ mítìn-ìn, ọ̀gá mi ní, "Nǹkan lẹ̀ mọ́ bàtà ẹ." Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n já téèpù náà kíá, kí ẹlòmíràn tó rí i, ni mo rántí ọmọ kékeré tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Ó láyà jù mí lọ.

"Ti bàbá mi ni," mo fèsì, mo sì wọ́ ọ wọlé.