Ta Ló Ń Jẹun Nínú Ìkòkò?

Ọjọ́ tó ṣáájú yìgì Sìlífà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé. Oṣù kẹjọ la mú, torí òjò sábà máa ń sinmi nígbà náà. Ilẹ̀ iwájú ilé wa l'Ọ́fàtẹ̀dó le bí òkúta, èèkàn kò wọlé, ni bàbá mi bá ní kí àwọn oníkánópì so okùn mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ.

A tẹ́ ẹní sídìí ògiri náà, a ń gé àlùbọ́sà, ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà ké láti inú ilé: "Ẹ wọlé wá, gbogbo yín! Ta ló ń jẹun nínú ìkòkò? Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni òjò máa ń ba ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́!"

A rẹ́rìn-ín wọlé. Sìlífà ní, "Ìyá àgbà, kì í ṣe èmi o."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ìjì fi gbé kánópì sókè. Okùn fa ògiri, ògiri sì wó lu ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Sìlífà kúnlẹ̀. "Èmi ni, Ìyá àgbà. Mo máa ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì."

Bàbá mi jáde, ó di okùn tó já mú, ó ń wo òkè. Títí di ìgbà náà, ẹ̀kán òjò kan kò tíì bọ́ sílẹ̀.