Orúnkún Ọmọláńgidi

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi kò lè sinmi, tí gbogbo ohun tó bá ti lè tẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ń jọ egungun lójú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ló já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán jinná, ṣùgbọ́n kò gbà láti tẹ orúnkún mọ́ nítorí ìrora. Nọ́ọ̀sì ní bí kò bá máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ó lè gan bẹ́ẹ̀ títí ayé. Tí a bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ẹkún ni.

Èmi akọ̀wé ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, tí n kò rán ju bọ́tìnnì lọ rí, mo ní màá ṣe ọmọláńgidi tí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, kí ọmọ lè máa wò ó ṣe. Mo gbọ́n púpọ̀ nígbà náà. Mo fi wáyà ṣe egungun, mo fi àkísà wé e. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, wáyà bá kán ní orúnkún gan-an. Ó gbójú sókè, ó ní, “Àǹtí, ṣé tèmi náà máa kán?”

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jókòó jẹun mọ́. Mo fi igi ìgbálẹ̀ ṣe é, kò lè dá dúró. Mo ṣa sílípáàsì tí omi gbé wá sí Marine Beach, mo gé e, ó ya. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Jókòó jàre. Ọmọláńgidi lo fẹ́ fi gba oyè ni?” Màmá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Etí mi kò gbà á.

Níkẹyìn, mo tọrọ tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́ lọ́wọ́ fọgánáísà. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo fà á gba inú páìpù oníke tí mo gé wẹ́wẹ́. Kò kán. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ orúnkún rẹ̀ tí a fi í sílẹ̀, rọ́bà á fà á, ẹsẹ̀ á tún nà gbọnrangandan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, màmá wa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọmọ gbé ọmọláńgidi síwájú wọn. “Kúnlẹ̀, kí Màmá.” Ó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ nà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún nà. Inú bí i. “O ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wò mí.” Ó di ọwọ́ àga mú, ó pa eyín pọ̀, ó rọra tẹ orúnkún tirẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà.”

Ó ti wọ iléèwé girama báyìí. Bó bá kúnlẹ̀ kí mi, kíá ni mo máa ń fà á dìde, nítorí omi tó máa ń lé sí mi lójú. Ó rò pé ara mi ni kò lè balẹ̀.