Ìjókòó Ilé Lọ́jọ́ Tí A Sin Ìyá Mi

Mi ò gba iṣẹ́ yẹn nítorí ìfẹ́. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọmọ dáadáa ni mí. Nígbà tí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ránṣẹ́ sí ẹbí wa pé àwọn fẹ́ kó àwọn ìwé bàbá mi pamọ́, nítorí ọdún mẹ́jọ tó fi ṣojú apá kan Ẹ̀pẹ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí á wá ẹnì kan tó máa yẹ̀ wọ́n wò kí àwọn tó wá kó wọn. Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi ni àkọ́bí. Èmi náà ni mo lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nínú yàrá fáìlì ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ta ló tún mọ fáìlì jù mí lọ. Mo ní ó dáa. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni mò ń wá nínú gbogbo ìwé yẹn.

Ọjọ́ tí ìyá mi kú ni. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kó dìde lónìí, kó tún dùbúlẹ̀ lọ́la. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó mú, ó dákẹ́ nílé wa ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ti wá ń tọ́jú rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú ṣeré. Bàbá mi wà ní Ìkẹjà. Tí wọ́n bá ti wọ ìjókòó Ilé, wọn kì í gbé fóònù, nítorí náà ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo pè, mo sì jíṣẹ́ fún ẹni tó gbé e. A dúró títí di ìrun Àsárì. Bàbá ò dé. Ààfáà ní kí á má dá òkú dúró mọ́, a sì sin ín. Ìgbà tí a ti kírun Mọ̀gáríbì tán ni ọkọ̀ bàbá mi tó wọlé, tó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti nálọ́ọ̀nù àgbálùmọ̀ lọ́wọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo wo àgbálùmọ̀ yẹn, orí mi gbóná. Lójú gbogbo àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, mo sọ fún bàbá tó bí mi lọ́mọ pé, "Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Wọ́n ti bá yín sin ín." Mo mọ̀ pé ọmọ kì í sọ irú ẹ̀ sí bàbá, mo sì sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ, ó gbé nálọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn àlejò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan tó rò pé òun ń yìn ín sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọnọrébù sọ̀rọ̀ lórí èbúté Ẹ̀pẹ́ tí gbogbo Ilé fi pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀ fún mi. Bàbá mi gbọ́ pé ìyàwó òun kú, ó sì yan èbúté. Mo gbé e sínú, mo sì tì í pa.

Ọdún mọ́kànlá ló tẹ̀ lé e. Kò sí Jímọ̀ kan tí kò pè mí. "Ṣé àlàáfíà ni?" "Àlàáfíà ni, sà." "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "Wọ́n wà, sà." Lẹ́yìn náà a óò dákẹ́, a óò máa gbọ́ èémí ara wa, títí n ó fi sọ pé ó dàárọ̀, bí oòrùn tilẹ̀ wà lójú ọ̀run gbagidi. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Ìbàdàn, ni ìyá wa bí. Òun kò bá bàbá jà. Ó ń lọ kí i, ó ń sùn nílé rẹ̀, mo sì máa ń pè é ní aláìnítìjú. Kì í bá mi jiyàn. Ó máa ń ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí," bẹ́ẹ̀ ni á sì tún lọ.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo ṣe gbogbo ohun tí àkọ́bí ń ṣe, mo padà sí Ìkòròdú.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni mò ń gbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti lọ sí òkè òkun, inú fóònù ni a ti ń ríra. Àwọn tí a jọ ń gbé nínú ilé, ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo sì ti máa ń tì í kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, ohùn mi á kọ́kọ́ ha, nítorí pé mi ò tíì lò ó láti àná. Nítorí náà, tí Sátidé bá dé, tí mo bá gba ibùdókọ̀ Benson kọjá lọ wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́, inú mi máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn èrò á máa jiyàn sí mi létí títí a ó fi kọjá Ìtòìkín. N kò ní dá sí i, ṣùgbọ́n ariwo ènìyàn ni.

Yàrá òkè nílé bàbá mi ni àwọn ìwé náà wà, nínú páálí mílíìkì àti àpò ìrẹsì. Ikán ti jẹ méjì. Obìnrin tó wá láti ilé ìkàwé, ọmọdé tí mo lè bí, ló wá kọ́ mi níṣẹ́. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un tò o. Bí Bàbá ṣe fi sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni, ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ sí." Ó dùn mí. Kí wọ́n gbé páálí rúdurùdu síwájú ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ to fáìlì, kí wọ́n ní kó má tò ó, ó dà bí kí ọbẹ̀ máa jó níwájú alásè kí wọ́n ní kó má sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo ṣe bó ṣe wí.

Bàbá mi kò tilẹ̀ ní fáìlì. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjókòó Ilé, tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún àwọn aṣòfin lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, òun ló sọ di fáìlì. Ohunkóhun tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, àárín ìwé ọjọ́ yẹn ló ń kì í bọ̀. Mo rí ìwé ìkésíni síbi ìsọmọlórúkọ. Mo rí lẹ́tà àwọn apẹja nípa koríko tó bo ojú ọ̀sà. Ìyá kan ń bẹ̀ ẹ́ kó wá iṣẹ́ fún ọmọ òun, ó sì so fọ́tò ọmọ náà mọ́ lẹ́tà, àfi bí ẹni tó ń wá ọkọ fún un. Ọkùnrin kan kọ lẹ́tà mẹ́fà nítorí tiransífọ́mà àdúgbò rẹ̀. Èkíní fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta fi èébú parí, ẹ̀kẹfà sì ní kí Ọnọrébù má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, òkùnkùn ti mọ́ àwọn lára.

Mo rẹ́rìn-ín sí èyí títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì gbójú sókè láti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan. Àsìkò yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti ń wá orúkọ ara mi láti páálí àkọ́kọ́. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló wà nínú ìwé bàbá mi, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti àwọn tó bú u, mi ò sì rí èmi.

Ní Sátidé kẹfà, mo kan ọjọ́ náà.

Mo fi ìka tọ orúkọ àwọn tó wà ní ìjókòó. Orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ara mi balẹ̀. Ẹni tó ti dá ẹjọ́ fún ọdún mọ́kànlá kì í fẹ́ kí ẹjọ́ náà yí.

Mo wá ibi tó ti sọ̀rọ̀. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Ó ń ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ṣe ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sínú ẹrẹ̀ tàwọn ti agbọ̀n lórí. Ó ní ìyàwó òun wà lára wọn, ó ti ṣubú níbẹ̀ rí tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ́. Ó ní, ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le báyìí, ó wà nílé, ṣùgbọ́n tí òun bá délé ní ìrọ̀lẹ́, kí òun tó bọ́ bàtà ló máa bi òun pé kí ni Ilé sọ nípa èbúté òun. Wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé àwọn aṣòfin rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo tún un kà. Ní wákàtí tó ń sọ ọ́ yẹn, a ti wẹ ìyá mi, a ti wé e sínú aṣọ funfun. Ẹni tó mọ̀ pé ìyàwó òun ti kú kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Lẹ́yìn náà mo ní àwọn òṣèlú, kí ni wọn ò lè sọ? Mo rọ̀ mọ́ ìyẹn. Mo ṣí ìwé náà síwájú, bébà pélébé kan sì jábọ́ lé mi lẹ́sẹ̀.

Irú bébà tí òṣìṣẹ́ fi ń jíṣẹ́ fún aṣòfin tó wà nínú ìjókòó ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó sì sọ ni pé: ọmọ yín obìnrin pè láti Ẹ̀pẹ́, ara Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, ó ní kò le, kí ẹ parí ohun tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó máa bọ̀.

Mo fẹ́ bá bébà náà jà. Mo ní irọ́ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe rántí rẹ̀, ńṣe ni mo ké sínú fóònù pé kó máa bọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń padà bọ̀ sí mi lójú, bó ṣe di apá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. "Má sọ ọ́ fún un lójijì o. Ọ̀nà jìn, òun ló sì máa wakọ̀ fúnra ẹ̀. Ní ara ìyá ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò le. Ní kó parí ohun tó ń ṣe, kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́." Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó ké.

Bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn. A kì í la òkú mọ́ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lórí. A máa ní ara onítọ̀hún ò yá, kó máa bọ̀, ọkàn ẹni náà ló sì máa sọ ìyókù fún un. Ohun tí mo fi dá bàbá mi lẹ́bi nìyẹn. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní mọ̀?

Mo padà sẹ́yìn nínú àwọn ìwé náà. Nítorí pé a kò tún wọn tò, ohun gbogbo ṣì wà níbi tí Bàbá fi í sí. Nínú ìwé oṣù tó ṣáájú: ọmọ yín pè, ara Ìyá ò yá, ẹ máa bọ̀. Nínú ti oṣù tó ṣáájú ìyẹn: bákan náà. Mo rí márùn-ún. Ìgbà márààrún ló fi Ìkẹjà sílẹ̀ tó sáré wálé, tó sì bá ìyá mi lórí àga tó ń mu ẹ̀kọ. Èmi ni mo ti kọ́ ọ pé gbólóhùn yẹn kì í ṣe ikú. Lọ́jọ́ tó wá jẹ́ ikú, gbólóhùn kan náà ni mo lò, mo sì fi kún un pé kó má kánjú. Aláìsàn ló ra àgbálùmọ̀ fún.

Kò sí ọjọ́ kan láàárín ọdún mọ́kànlá tí kò lè mú bébà yẹn jáde kó ní, "Gbà, kà á." Kò ṣe é.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ àwọn yòókù. Tí mo bá yọ ọ́ kúrò, ẹnikẹ́ni tó bá ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà lẹ́yìn ọ̀la máa rò nípa bàbá mi ohun tí èmi náà rò. Mo kọ ọ́: bébà ìjíṣẹ́ kan. Níbi tó ti yẹ kí n kọ ẹni tó ránṣẹ́, bírò mi dúró. Nígbà tó yá mo kọ ọ́: ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí.

Mo pe àbúrò mi níbẹ̀, kó má bàa jẹ́ ẹnu àjèjì ni yóò ti gbọ́. Mo ka bébà náà sí i létí.

"Àǹtí, ibo lẹ ti rí i?"

Kò béèrè pé bébà wo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," mo ní.

"Ẹ má bínú, mà. Bàbá fi hàn mí, kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí Màámi kú. Mo ní kí n gbé e wá bá yín ní Ìkòròdú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní rárá. Wọ́n mú mi búra."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní, 'Jẹ́ kó máa bínú sí mi. Tó bá ń bínú sí mi, á ṣì lè sùn. Tó bá fi lè yí i sí ara ẹ̀, kò ní sùn mọ́.'"

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mò ń gbọ́ ọ. Mo sunkún bàbá mi lọ́sàn-án Sátidé yẹn, nígbà tí gbogbo ẹni tó yẹ kó bá mi sun ún ti sun tiwọn tán, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tó máa sọ fún mi pé ó tó.