Àpá Ọṣẹ Lẹ́nu Sítóòfù

Òórùn gáàsì àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ló máa ń jí wa nílé wa ní Joju, lápá Ọ̀tà. Kí oòrùn tó mú, bàbá mi á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ti ki sítóòfù tòkunbọ̀ kan mọ́ àárín ẹsẹ̀, wọ́n á máa ha ìpẹtà ẹnu rẹ̀. Sítóòfù kékeré táwọn òyìnbó máa ń gbé dání tí wọ́n bá fẹ́ lọ sùn nínú igbó ni. Ohun tó ń gbé wọn lọ sùn nínú igbó, mi ò mọ̀ dòní. Agolo gáàsì tí wọ́n ṣe é fún ò sí lọ́jà wa, kódà ní Toll Gate tí kò sóhun tí èèyàn kì í rí rà. Bàbá mi á gé ẹnu àtijọ́ rẹ̀ dànù, wọ́n á jó ẹnu onídẹ mọ́ ọn, wọ́n á wá fi họ́ọ̀sì so ó mọ́ irú sìlíńdà kékeré tí gbogbo wa ń lò.

Kò sí èyí tó ń kúrò nílé láìfi ọṣẹ dán an wò. Wọ́n á ṣí gáàsì, wọ́n á fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Ibi tó bá ń jò, ọṣẹ á máa hó níbẹ̀. Bí kò bá hó, wọn ò ní nù ún kúrò, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kó funfun yí ẹnu rẹ̀ ká. Àwọn oníbàárà mọ àpá yẹn. Tí wọ́n bá ti rí i, wọn ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Bàbá mi máa ń sọ pé, “Ìfura loògùn àgbà.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn, mo sì rò pé àwọn àgbà nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n parí ti Ìyá Ṣèyí, ará Ìmẹ̀kọ tó ń ta tíì àti ẹyin díndín fáwọn òṣìṣẹ́ níwájú ilé-iṣẹ́ kan létí títì. Bàbá mi ń kánjú lọ sí mọ́ṣáláṣí. “Bàràkátù, bá mi fi ọṣẹ wò ó. Ṣí gáàsì dáadáa o.” Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí síta, sìlíńdà sì wà ní yàrá, ó wúwo. Mo kàn fi ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀ lásán, mo gbé e sóòrùn. Ó gbẹ, ó tiẹ̀ funfun ju ti bàbá mi lọ.

Ìyá Ṣèyí dé, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n gbé e lọ. Ọmọ ọwọ́ wọn ń sùn lẹ́yìn wọn. Mo bọ́ síta lọ ṣeré, ṣùgbọ́n eré ò dùn mọ́. Ẹ̀rù bàbá mi ń bà mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti so ó mọ́ sìlíńdà wọn, wọ́n ń wá ìṣáná, nígbà tí mo dé ìdí tíì wọn.

“Ẹ má ṣáná, mà! Mi ò ṣí gáàsì. Mo kàn fi ọṣẹ pa á ni!”

Wọ́n po ọṣẹ, wọ́n ṣí gáàsì díẹ̀, wọ́n ta á sí i. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lábẹ́ họ́ọ̀sì, ó ń wú. Ìyá Ṣèyí ti gáàsì pa, wọ́n fọwọ́ gbá ìdí ọmọ wọn mú.

“Ṣé bàbá ẹ ló rán ẹ?”

“Rárá, mà.”

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ délé. Bàbá mi ò nà mí. Wọ́n tún un jó lójú Ìyá Ṣèyí, wọ́n sì dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè pé, “Ṣé kì í ṣe Bàràkátù ló fọṣẹ pa èyí?”

Ilé-iṣẹ́ wáyà iná kan ní Ọ̀tà ni mo wà báyìí. Èmi ni mò ń fọwọ́ sí ìwé pé ọjà ti yẹ fún títà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ tó fẹ́ kó ọjà ń dúró, ọ̀gá ń pariwo, mo sì fọwọ́ sí páálí tí mi ò ṣí wò. Mo dúró ní géètì títí ọkọ̀ náà fi wọ títì. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: ọmọ ọdún mẹ́wàá ọjọ́sí ò ní nǹkan kan ju ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ, ó sì sáré débẹ̀. Èmi ní fóònù lọ́wọ́, nọ́ńbà awakọ̀ wà nínú rẹ̀. Mi ò pè é.