Ìwé tí Cecilia Fọwọ́ Sí

Ọdún mẹ́sàn-án ni Cecilia fi ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan lẹ́bàá Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, opó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun, Màmá Iyì ni gbogbo wọn sì ń pè é. Bí òfin bá ti ọ́fíìsì jáde, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ: ẹ má wọ yẹtí, ẹ má wọ sálúbàtà, ẹ di irun yín mọ́nú fìlà.

Nígbà tí Ọ̀gá Adéolú, máníjà wọn, kó aṣọ iṣẹ́ tuntun dé, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló rà fún tọkùnrin tobìnrin. Mardiyah ló kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Apá aṣọ náà bò ó lọ́wọ́ tán.

"Màmá Iyì, ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá kí n gbé e fún télọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń bà mí lẹ́rù."

Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe lásán. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti yọ ìdérí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, nítorí Ọ̀gá ní ṣíṣí àti pípadé rẹ̀ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Cecilia wọ ọ́fíìsì lọ lóòótọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí Ọ̀gá fi dá a dúró.

"Aṣọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe aṣọ ọdún. Ẹni tó bá gé e, kó máa lọ sílé. Àbí iṣẹ́ ti sú ẹ̀yin náà ni?"

Ọ̀rọ̀ ìdérí ṣì wà lẹ́nu Cecilia, ó gbé e mì. Ó ní kí Mardiyah ká apá aṣọ sókè, kó fi rọ́bà dè é. "Fara dà á ṣá. Màá tún bá a sọ ọ́."

Kò tún bá a sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Thursday kan, rọ́bà já bí Mardiyah ṣe na ọwọ́ láti ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbá apá aṣọ mú, ó sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e. Cecilia ló sáré pa ẹ̀rọ náà. Ní ọsibítù tí wọ́n gbé Mardiyah lọ, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún náà nísàlẹ̀ ìgúnpá.

Lọ́jọ́ Monday, Ọ̀gá Adéolú pe Cecilia. Wọ́n ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ pé Mardiyah kò wọṣọ bí òfin ṣe wí, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un títí, pé ìdérí wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ fọwọ́ sí i, Màmá."

"Ọ̀gá, kò sí ìdérí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lolórí wọn. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀bi tirẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀bi yín ni."

Cecilia ro ti Iyìolúwa, ọmọ rẹ̀, tó ku ọdún kan kó jáde ní Poli. Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó padà sídìí ẹ̀rọ, ìdérí ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti nù ún mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, ó lọ sí ọsibítù. Fàdìlàt, ìyá Mardiyah, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ló pa ẹ̀rọ. Ọpẹ́ yẹn ni Cecilia kò lè gbà. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìwé tó fọwọ́ sí tán lórí ìdúró. Mardiyah kọjú sí ògiri, ó sì béèrè pé:

"Ṣé ẹ lè kọ òótọ́ sínú ìwé mìíràn, Màmá?"

Cecilia kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, Fàdìlàt sì gbé e lọ bá lọ́yà. Lọ́yà gba ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé búrẹ́dì, ó ka méjèèjì, ó mi orí. "Ẹnu kan náà ló sọ èyí, òun náà ló sọ tọ̀hún. Èwo ni kóòtù máa gbà gbọ́?" Ibẹ̀ lẹjọ́ náà kú sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìròyìn ìwé kejì dé etí Ọ̀gá Adéolú, ilé búrẹ́dì sì ní kí Cecilia má wá mọ́.

Ní gbogbo Saturday báyìí, ó máa ń lọ sílé wọn ní Ìgàndó láti bá Mardiyah fọ aṣọ. Mardiyah ń dá a lóhùn bó bá kí i. Yàtọ̀ síyẹn, wọn kì í sọ nǹkan kan. Bí Cecilia bá ti sá aṣọ tán, á nu ọwọ́ rẹ̀, á sì máa lọ.